Ẹ̀yìnkùlé Ajá ní Yeoville

Nínú àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní Yeoville, ní ìlú Johannesburg, kò ṣòro láti rí ẹni tí ń sin ajá. A kò bá wọn wí, nítorí olè kì í ṣe àlejò ní ìlú náà. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni bí a ti ń so àwọn ẹranko wọ̀nyí mọ́lẹ̀: ẹ̀yìnkùlé tóóró tí a fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ẹ̀wọ̀n kúkurú, abọ́ omi tí ó ti gbẹ, àti ajá kan tí ó ń gbó láti òwúrọ̀ títí di òru. Ní ọjọ́ tí ó bá bu ọmọ ayálégbé jẹ, a ó ní ajá burúkú ni. Lójú tiwa, ẹ̀yìnkùlé ni ó burú.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ẹ̀yìnkùlé Yeoville jẹ́ rí. Láti 1890 tí a ti dá àdúgbò náà sílẹ̀, òyìnbó ni ó ń gbé ilé iwájú. Ẹ̀yìn ni yàrá ìránṣẹ́ wà, ẹ̀yìn náà sì ni ajá wà. Òfin Group Areas ti 1950 wá fi ìdí ètò náà múlẹ̀: aláwọ̀ dúdú lè sùn ní ẹ̀yìnkùlé nítorí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iwájú kò sí fún un. Ọ̀pọ̀ ajá ni a sì kọ́ láti máa gbó aláwọ̀ dúdú. A fagi lé òfin náà ní 1991. Síbẹ̀, ní 2000, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà fi àwòrán kan tí a yà ní 1998 hàn, nínú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń dẹ ajá sí àwọn ará Mozambique mẹ́ta, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nísinsìnyí tí ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Kóńgò àti ọmọ Zimbabwe ń gbé ilé iwájú, tí aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn sì yá yàrá ẹ̀yìn, ṣé irú ajá yẹn náà ni a ó tún so síbẹ̀?

Àwọn baba wa kò ní ìmọ̀ kankan nípa ẹ̀yìnkùlé ajá, nítorí wọn kò nílò rẹ̀. Gbogbo agboolé ni ilé ajá. Ó ń bá ọdẹ lọ sí igbó, ó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ààtàn, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè. (Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti lé ajá jáde ní kíláàsì rí mọ ohun tí a ń wí.) Ohun tí agboolé ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ni a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wa ṣe fún un láàrín ògiri mẹ́rin.

Imú ni ajá fi ń mọ ayé, sìmẹ́ǹtì kò sì ní òórùn tí ó tó nǹkan. Kí a fọ́ apá kan rẹ̀, kí a gbin koríko síbẹ̀, kí a kó iyanrìn sí igun kan, kí a sì máa ri eegun mọ́ ọn. Ajá tí ó ní ibi tí yóò máa gbẹ́ yóò fi ẹ̀fọ́ ìyàwó ilé sílẹ̀. Kí ọ̀nà tóóró wà lẹ́bàá ògiri, nítorí yóò máa yí ọgbà ká bí ọdẹ alẹ́. Ẹni tí ó bá gbin òdòdó sí ojú ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ ajá ni ó gbìn ín fún. Ó fẹ́ràn láti ṣọ́nà láti ibi gíga, nítorí náà pèpéle kan dára fún un. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń bínú sí gbogbo ẹni tí ń kọjá, kí pèpéle náà kọjú sí inú ilé. Kí ibi ìyàgbẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ibi oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀. Bí igi syringa, ìbátan dóńgóyárò wa, bá wà nínú ọgbà, kí a máa gbá èso rẹ̀ kúrò, nítorí májèlé ni fún ajá.

Ní ti ilé rẹ̀, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Johannesburg ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 1,700 mítà, ìrì a sì máa dì lórí koríko ní oṣù kẹfà àti oṣù keje. Nígbà ọyẹ́ nílé, ìhà gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá. Nígbà òtútù tiwọn, ìhà àríwá ni. Nítorí náà, àríwá ni kí ẹnu ilé ajá kọjú sí, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì ga díẹ̀ kúrò lórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, àrá ni wàhálà. Ajá tí ẹ̀rù àrá ń bà lè fo ògiri lọ, kí a ṣílẹ̀kùn fún un kí ó wọlé.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yìnkùlé tí ó lè tó ajá tí ó dá wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Àwọn àgbà ní ajá tí ó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ; èyí tí kò lẹ́ni lẹ́yìn, ọmọ tí ń kọjá ni ó ń bù jẹ. Kí a máa mú un rìn jáde. Òfin ilẹ̀ náà láti 1962 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀wọ̀n so ẹranko lọ́nà tí yóò fi jìyà, òfin sì pàṣẹ pé kí a gún ajá ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi.

Ó ku ọ̀nà ayálégbé. Níbi púpọ̀, àárín ọgbà ajá ni ẹni tí ń gbé yàrá ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Kí onílé ná owó díẹ̀ sórí ọgbà onírin láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn ayálégbé, kí ọmọ tí ń bọ̀ láti ilé-ìwé lè rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà. A ń retí pé àwọn onílé tí wọ́n jẹ́ ará wa níbẹ̀ yóò ṣe é kí oṣù kẹfà tó dé.