Òwú Tín-ín-rín fún Ẹ̀wù Ọmọ Tuntun

Ní oṣù Ẹrẹ́nà kan, nígbà tí ooru Àjàṣẹ́ kì í jẹ́ kí àgbà pàápàá sùn, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbé ọmọ jáde nínú ẹ̀wù òtútù tí a fi ọwọ́ ara wa hun, ti fìlà ti ìbọ̀sẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń yin iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ ń làágùn, ó sì ń ké. Ìyá àgbà ilé náà kò sọ ohun kan. Ó bọ́ ẹ̀wù náà lára rẹ̀, ó fi àkísà ìró kan tí ó ti rọ̀ wé e, ọmọ sì dákẹ́. Ojú tì wá.

Orúkọ tí wọ́n ń pe òwú lọ́jà ni ó tàn wá jẹ. «Laine» ni wọ́n ń pe gbogbo òwú tí a fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun, bí ẹni pé irun àgùntàn ni gbogbo wọn. Àkírílíìkì tí a ṣe láti inú epo rọ̀bì ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ gé èyí tí ó tó ìka kan, kí ẹ fi iná kàn án lórí àwo. Bí ó bá yọ́, tí ó sì dì bíi kóró líle, àkírílíìkì ni tàbí ìbátan rẹ̀. Irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tí iná jó, òwú oko a sì máa rùn bí ìwé tí ń jó. Òwú oko ni àwa fara mọ́ fún ọmọ tí a bí sínú ooru, nítorí ó ń fa òógùn mu. (Orílẹ̀-èdè Benin wà lára àwọn tí ń kórè òwú jù lọ ní Áfíríkà, síbẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ìdì tí a ń rà ti wá.)

Ẹ má wo ìwọ̀n nìkan, ẹ ka mítà tí ó wà lára bébà rẹ̀. Ìdì 50 gíráàmù tí ó gùn ní mítà 85 nípọn. Èyí tí ó gùn tó mítà 200 dára fún ẹ̀wù ọmọ. Ti mítà 400, ìborùn ìyá ọmọ ni kí ẹ fi hun. Àwọn obìnrin erékùṣù Shetland, ní àríwá Scotland, ń lo èyí tí ó tún tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ: odindi ìborùn wọn lè gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá.

Fún ìborùn, ẹ mú abẹ́rẹ́ tí ó tóbi díẹ̀, mílímítà 3.5 tàbí 4, nítorí àlàfo ni ó ń sọ ọ́ di fúyẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọmọ ọwọ́, abẹ́rẹ́ mílímítà 2.5 tàbí 3 ni, kí àlàfo má baà gba ìka. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo lè wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè kọjá mọ́. Ẹ yí inú ìbọ̀sẹ̀ síta kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un, ẹ gé gbogbo fọ́nrán tí ń fì. Bí ọmọ bá sì ń ké láìdáwọ́ dúró, ẹ yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń hun igun mẹ́rin kékeré, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a, kí a tó wọ̀n ọ́n, nítorí òwú oko kì í fà padà bí irun àgùntàn. Lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá mẹ́wàá, a ń fi okùn aláwọ̀ mìíràn la gbogbo ojú ìhun kọjá. Ojú kan ṣoṣo tí ó bọ́ ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ rí. Ní àkókò ọyẹ́, ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọwọ́ gbígbẹ a máa fa òwú yọ: ẹ fi òrí pa á lálẹ́, kí ẹ hun ún láàárọ̀.

Ọmọ ọjọ́sí ti ń rìn báyìí, ìyá rẹ̀ sì tún lóyún. Ẹ̀wù tí a ń hun lọ́wọ́ kò ní ju ìdì kan àti ààbọ̀ lọ, gíráàmù 75. Ìyá àgbà ti fọwọ́ kàn án. Ó ní kí a hun fìlà kún un.