Owó Ọwọ́, Káàdì àti Sọ̀wédowó: Ìbéèrè Àlàájà Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Mọ́sáláásí

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò tíì pẹ́, bí a ti ń wá bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun, Àlàájà kan tí ó ń ta ata àti èlò ọbẹ̀ ní ọjà àdúgbò wa, tí ó sì ní ẹ̀rọ POS lórí tábìlì rẹ̀, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2023. Nígbà tí owó wọ́n, ẹgbẹ̀rún méjì ni mò ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ṣé èlé ni mo jẹ?" Mo ní, "Àlàájà, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan." Ohun tí mo rò tí mo sì kà nínú ọ̀sẹ̀ náà ni mo kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni irú ìbéèrè yìí ń jẹ lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1,000. Wọ́n ní kí a kó ti àtijọ́ wá kí oṣù kìíní ọdún 2023 tó parí. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Àwọn àgbà inú wa tí wọ́n rántí pípààrọ̀ owó ti ọdún 1984 ti ń mi orí láti ìbẹ̀rẹ̀. A kó ti àtijọ́ lọ, tuntun kò tó láti gbà bọ̀. Mo mọ ẹni tí ó ní owó rẹpẹtẹ ní báńkì, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ nítorí kò rí owó ọkọ̀. Mo rí àwọn tó ń ta tòmátì tí ọjà wọn ń jẹrà lójú wọn, nítorí oníbàárà kò ní owó ọwọ́, ẹ̀rọ kò sì ríṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dájọ́ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nínáwó, a sì ń ná méjèèjì pọ̀ títí di òní.

Láàárín àkókò yẹn ni owó fúnra rẹ̀ di ọjà. Ẹni tí ó fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní láti fi ẹgbẹ̀rún méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni tí yóò fún un.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) kọ́ wa pé bí a bá fi wúrà pààrọ̀ wúrà, tàbí fàdákà pààrọ̀ fàdákà, ọgbọọgba ni kí ó jẹ́, lọ́wọ́ kan náà. Ní ọdún 1986, ní ìlú Amman ní ilẹ̀ Jọ́dánì, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tí àwọn orílẹ̀-èdè Musulumi gbé kalẹ̀ fẹnu kò pé bí wúrà àti fàdákà ti rí nínú òfin yìí ni owó bébà náà rí. Náírà sí náírà, nígbà náà, kò gbọdọ̀ ní èrè lórí.

Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kì í ṣe èlé. Ẹni tí ó jí lọ tò sí báńkì, tí ó gbé owó la ọjà kọjá pẹ̀lú ẹ̀rù olè, tí ó san owó ìsọ̀, tí ó jókòó sínú oòrùn kí èmi má baà rìn jìnnà, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Igba náírà lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, n kò rí ẹni tí yóò bá Àlàájà jà lórí rẹ̀. Ìbéèrè tí mo wá bi í ni pé, ẹgbẹ̀rún méjì náà ńkọ́, iṣẹ́ wo ló fi ṣe? Ó ní àwọn kan ní ilé epo ni òun ti ń ra owó náà, pé àwọn náà ń gba ẹgbẹ̀rún kan lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Èyí kò tán ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yìn ló kàn sún un sí. Mo mọ̀ pé àáfà mìíràn yóò sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹni méjèèjì ti gbà á fún ara wọn, owó iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí ilé oògùn kò gba tiránsífà, kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ìnira ló mú un.

Mo wá ń rò ó pé bí àwa oníṣòwò bá ti ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ láti gba owó ṣáájú ìgbà yẹn, ìyà náà ì bá dín kù. Àwọn kan nínú wa ṣì gbà pé owó tí kì í ṣe bébà lọ́wọ́, àrà òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni Ibn Hawqal, arìnrìn-àjò Musulumi, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ìwé gbèsè kan ní Awdaghust, ní apá ibi tí a ń pè ní Mauritania lónìí, tí iye rẹ̀ jẹ́ 42,000 dínárì, tí oníṣòwò ibẹ̀ jẹ ará Sijilmasa ní apá àríwá aṣálẹ̀. Sakk ni èdè Lárúbáwá ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní inú rẹ̀ ni orúkọ tí òyìnbó ń pe sọ̀wédowó ti jáde. Kí ọ̀nà aṣálẹ̀ má baà gba owó lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n ṣe ń lò ó.

Sọ̀wédowó ti òde òní, mo ti fi ojú ara mi rí tirẹ̀. Nígbà tí mo ń ta aṣọ, ọkùnrin kan tí agbádá rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú kó ọjà lọ, ó já ìwé kan fún mi. Báńkì dá a padà pé kò sí owó nínú àkáǹtì náà. Òfin ọdún 1977 ní kí ẹni tí ó bá ṣe irú rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọjà sílẹ̀ kí ó máa lọ sí kóòtù nítorí aṣọ ankara? Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí mo dárúkọ lókè tún jókòó ní Jeddah ní ọdún 1990, wọ́n ní owó tí ó bá ti wọ àkáǹtì ẹni dà bí èyí tí a ti fi ọwọ́ gbà, sọ̀wédowó náà sì rí bẹ́ẹ̀ bí owó bá wà ní ìdí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn: bí owó bá wà ní ìdí rẹ̀. Fún owó ilé, owó ilé-ìwé tàbí ọjà ilé-iṣẹ́ ńlá, sọ̀wédowó dára, nítorí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Fún ata àti ẹran, kí a má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Káàdì pín sí méjì, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ni èyí tí ó ń yọ owó tí a ti ní tẹ́lẹ̀. Kò sí àwìn nínú rẹ̀, kò sì ní wàhálà kankan lọ́dọ̀ tèmi. Èkejì ni káàdì àwìn, tí báńkì fi ń yá ènìyàn lówó, tí yóò sì gba èlé bí a bá pẹ́ kí a tó san. Àwọn onímọ̀ kan náà sọ ní Riyadh ní ọdún 2000 pé káàdì tí èlé bá wà nínú àdéhùn rẹ̀ kò tọ́, kódà bí onítọ̀hún bá ní lọ́kàn láti tètè san. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ ka ìwé àdéhùn náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ewu tiránsífà wà o. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti jẹ ọ̀pọ̀ oníṣòwò run. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníbàárà nà sí yín lójú gbé ọjà lé e lọ́wọ́. Àkáǹtì tiyín ni kí ẹ wò. Ìgbà mìíràn sì ni báńkì yóò yọ owó oníbàárà, tí kò ní dé ọ̀dọ̀ olùtajà. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan. Èmi ti rò pé mo ti san án, obìnrin náà kò rí nǹkan kan. Gbèsè náà ṣì wà ní ọrùn mi, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ba owó. Báńkì ni èmi ń bá fà á. Obìnrin náà gbẹ́kẹ̀ lé mi, ó ní kí n gbé ìrẹsì náà lọ, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Suratul Bakarah, áyà 282, ti ní kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, owó náà padà, mo sì gbé e lọ fún un.

Báyìí ni èmi fúnra mi ń ṣe é. Owó ọwọ́ ni mo fi ń wọ ọkọ̀, tí mo fi ń ra àkàrà, tí mo fi ń ṣe sàráà. Ohun tí ó bá ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, káàdì tàbí tiránsífà ni, bí 50 náírà tí wọ́n ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sókè tilẹ̀ ń dùn mí. Láti ọdún 2011 ni òfin ti ní kí ẹnì kan má san ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ ní owó ọwọ́. Ẹ̀yin alájàpá ńlá, ẹ kíyè sí i. Mo sì ń tọ́jú owó ọwọ́ ọ̀sẹ̀ méjì sínú ilé láti ọdún 2023. Ẹ̀rù kọ́ mi.

Nígbà tí Jímọ̀ kejì pé, mo sọ èrò mi fún Àlàájà: kí ó ṣírò owó iṣẹ́ rẹ̀ àti owó ọkọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́, kí ó sì wá ẹni tí ó ni ìyókù. Mo rò pé yóò ní òun kò lè rí wọn mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àáfà, ṣebí tiránsífà ni wọ́n ṣe. Orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé àkáǹtì mi ní báńkì." Ó ti rí mọ́kànlá báyìí, aládùúgbò ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan ti kú, ó kó ti ẹni náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà kan kọ̀ láti gba owó, ó ní kí Àlàájà bá òun fi ra ata rodo àti tàtàṣé.