Ẹ Gbé Ife Tíì Yẹn Kalẹ̀

Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Arámọkọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò fẹnu kan tíì mọ́ láti oṣù keje ọdún 1998. Ògì gbígbóná ló ń mu láàárọ̀. Bí ẹ bá gbé tíì fún un níbi ìnáwó, á wo ife, á wo ojú yín, á ní kí ẹ gbé e fún ọmọ yín. A máa ń fi í ṣẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹfà bá dé báyìí, tí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ MKO Abíọ́lá, ẹni tí a dìbò yàn sípò ààrẹ tó kú sí àtìmọ́lé, kì í ṣe Bàbá nìkan mọ́. Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ní gáréèjì tí ọkọ̀ Iléṣà ti ń gbèrò, ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu, ọ̀rọ̀ kan náà ni: tíì ni wọ́n fi pa á. Àwọn òyìnbó ló gbé e wá. CIA ni. Ẹlòmíì á ní ó dá òun lójú, bí ẹni pé òun ló gbé ṣúgà tì í.

Èmi ò gbà. Màá sì sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹni tó máa bínú tètè bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ tíì yìí ti ṣe àwọn tó pa Abíọ́lá lóore ju lọ́yà èyíkéyìí tí wọn ì bá gbà lọ.

Ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1998, Thomas Pickering àti Susan Rice, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà rán wá, jókòó ti Abíọ́lá nílé àlejò ìjọba kan ní Àbújá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, tíì wà níbẹ̀. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ara ọkùnrin náà kò lélẹ̀ mọ́, wọ́n pe dókítà, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Kò bọ̀. Rice fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 2019 pé òun lòun da tíì náà fún un. Kò sẹ́ni tó fi tíì pa mọ́. Ohun tí a ń bi ara wa ni bóyá jíjókòó ti ènìyàn kí ó tó kú ti di ẹ̀rí.

Àwọn àgbà wa ló fún wa lésì tí kò dáa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn lẹ́nu, ó sì ti tú ilé ká. Ìyá arúgbó mélòó ni wọ́n ti fi lé kúrò nílé ọmọ tó bí? Ẹyẹ ń ké lóru gbogbo. Ọmọ kì í kú lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí méjèèjì bá ṣe kòńgẹ́ nìkan la máa ń rántí.

Àwọn dókítà tó ń yẹ òkú wò wá láti Kánádà, Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó. James Young, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń wádìí ikú ní ìpínlẹ̀ Ontario, ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní ọkàn Abíọ́lá ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Wọn kò rí májèlé. Ẹni tí mo bá sọ èyí fún á fi mí rẹ́rìn-ín: òyìnbó á ha jẹ́rìí ta ko òyìnbó bí?

Ó jẹ́ ẹ rí. Ní Geneva, ní 1960, oníròyìn kan bá Félix Moumié, tó ń jà fún òmìnira Kamẹrúùnù, jẹun alẹ́. Kì í ṣe oníròyìn. William Bechtel lorúkọ rẹ̀, amí Faransé ni, ó sì ti da májèlé thallium sínú ohun mímu ọkùnrin náà. Moumié kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá. Àwọn òyìnbó Swítsálandì ló yẹ ara rẹ̀ wò, àwọn náà ló rí májèlé, àwọn náà ló ní kí wọ́n mú Bechtel. (Pé ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìtìjú tiwọn nìyẹn.) Ní Salisbury, ní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n bá Sergei Skripal, amí Rọ́ṣíà tẹ́lẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀mí fẹ́ bọ́. Wọ́n rí májèlé Novichok lára ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, OPCW, àjọ tó ń gbógun ti ohun ìjà kẹ́míkà, náà yẹ̀ ẹ́ wò. Kámẹ́rà sì ti ya àwòrán ọkùnrin Rọ́ṣíà méjì tó rin ìlú náà lọ́jọ́ méjì tẹ̀léra. Àwọn méjèèjì ní ilé ìsìn ńlá ìlú náà làwọn wá wò. Bí ẹni tó ti Ẹ̀fọ̀n wá sí Arámọkọ lánàá, tó tún wá lónìí, tó ní òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń wò!

Nítorí náà, ẹ má fi mí pe ẹni tó rò pé amí kì í fúnni ní májèlé jẹ. Wọ́n ń ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ṣe é, a rí májèlé níbẹ̀. Níbí, kí la rí? Ẹyẹ tó ké.

Ohun tó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn oní-tíì ni kàlẹ́ńdà. Abacha, ológun tó ti Abíọ́lá mọ́lé, kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, Abíọ́lá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní wọ́n yọ méjèèjì kí òṣùwọ̀n lè dọ́gba. Ní ti Abacha, wọ́n sin ín sí Kánò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ èso ápù tí wọ́n ní ó jẹ kó tó kú, ẹ máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró síbi ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yẹn fún mi. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Ní àárín oṣù kẹfà, Abdulsalami Abubakar, tó jókòó sórí àga Abacha, tú Ọbásanjọ́ sílẹ̀, ó tú Bọ́lá Ìgè sílẹ̀, Beko Ransome-Kuti, Frank Kokori. Ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo wọn. Kò ṣí fún ẹni tí a dìbò fún.

Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Wọ́n mú un ní oṣù kẹfà ọdún 1994, nítorí ó kéde ní Èpétèdó pé òun ni ààrẹ. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Kàdúná fún un ní béèlì lọ́dún náà; wọn ò fi í sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù aya rẹ̀ ní Èkó ní 1996. Nígbà tí Kofi Annan, akọ̀wé àgbà àjọ UN, lọ kí i ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú, Abíọ́lá kò mọ ẹni tí í ṣe. Ó béèrè pé ará Íjíbítì wá ńkọ́. Ọdún kan àtààbọ̀ ti kọjá tí Annan ti gba ipò lọ́wọ́ Boutros-Ghali! Olówó ìwé ìròyìn, ẹni tó ní ilé iṣẹ́ Concord, ni wọ́n fi ìròyìn dù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ènìyàn tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn mọ́lé fún ọdún mẹ́rin, ẹ wá ní tíì ìrọ̀lẹ́ kan ló pa á?

Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn. Bó bá jẹ́ tíì, obìnrin kan láti Washington tó yà wá fún wákàtí kan ló jẹ̀bi, àwọn aṣọ́bodè ọdún mẹ́rin wá di òǹwòran. Hamza al-Mustapha, olórí ẹ̀ṣọ́ Abacha, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí Oputa, ó ń ròyìn fún wa bí wọ́n ṣe pa Abíọ́lá, a sì ń du ìwé ìròyìn rà. Ẹni tó ṣọ́ ilé olè ló di ẹlẹ́rìí wa! Nígbà tí ikú náà ṣẹlẹ̀, ìgboro gbiná, èèyàn kú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn òkú yẹn tó di kọ́kọ́rọ́ yàrá Abíọ́lá mú rí.

Wọ́n ti fi June 12, ọjọ́ tí a dìbò fún un, ṣe ọjọ́ ìsinmi fún wa. Buhari fi oyè GCFR dá Abíọ́lá lọ́lá ní 2018. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Babangida, tó fagi lé ìbò náà, kọ ọ́ sínú ìwé pé Abíọ́lá ló wọlé. Ta ni ilé ẹjọ́ ti pè láti ṣàlàyé ọdún mẹ́rin yẹn?

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Bàbá Tíṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n mu ògì wọn díẹ̀.

"Ọmọ mi, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà yìí, o ò tíì dá mi lóhùn. Tíì yẹn, ilé ta ni wọ́n ti sè é?"

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni mo wí. "Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ láti àárọ̀."