Ìkìlọ̀ pàtàkì: Ẹ má fa omi púùlù gbẹ nígbà òjò, ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìtì

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ní púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ jọ ń lò ó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ilé gba àlejò fún ọjọ́ mélòó kan. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin léra, tí omi púùlù dọ̀tí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ onílé lọ́kàn ni pé kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí wọ́n wá rọ omi tuntun sí i bí òjò bá dá. Ẹ dákun, ẹ má dán an wò. Bí púùlù ṣe ń fọ́ nìyẹn.

Ilẹ̀ tó ti mu òjò yó, omi ló kún inú rẹ̀. Ní Lẹ́kì àti Ajah l'Ékòó, tí òkun àti ọ̀sà wà nítòsí, a kì í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí omi tó sun, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ń ti púùlù láti ìsàlẹ̀, ó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, omi tó wà nínú púùlù fúnra rẹ̀ ló sì ń fi ìwúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ṣírò púùlù tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì jìn ní mítà 1.5: omi inú rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 48. Ẹ gbé tọ́ọ̀nù 48 yẹn kúrò nígbà tí ilẹ̀ ṣì rin gbingbin, púùlù lè gbéra sókè bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù inú rẹ̀. Kọnkéré á là, táìsì á ṣí, páìpù tó wà nísàlẹ̀ á já. Èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe ló tètè ń léfòó jù, torí pé òun fúnra rẹ̀ fúyẹ́. Bó bá ti gbéra, kò sí bírikìlà tó lè rọra tì í padà sáyè rẹ̀.

Bí omi bá ti fẹ́ kún kọjá etí, ẹ dín in kù títí dé ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìdajì ẹnu ihò tó ń fa ewé wọlé lára ògiri púùlù. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí ọ̀ràn fífà gbẹ bá pọn dandan, ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ púùlù.

Ẹ má sọ pé oṣù kẹjọ ti dé, òjò fẹ́ sinmi. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa ya lu Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ni omíyalé mìíràn tún gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú kan náà. L'Ékòó, ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 yẹn, òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní mílímítà 200. Irú òjò bẹ́ẹ̀ á gbé omi púùlù sókè ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, láìtíì ka èyí tí òrùlé bá dà sí i.

Èyí tó ń ti ojú ọ̀run bọ́ kọ́ ló léwu jù nínú omi náà. Àgbàrá ni. Àgbàrá ń gbá ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ìgbẹ́ adìyẹ àti ìtọ̀ eku wọlé, bí sọ́kàwé bá sì kún, ohun inú rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Gbogbo ìdọ̀tí wọ̀nyí ni kúlórínì inú omi ń bá jà títí tí agbára rẹ̀ á fi tán, lẹ́yìn náà àwọn kòkòrò àìsàn á máa gbilẹ̀ láìsí ẹni tó ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ẹ rántí onígbáméjì tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó lóṣù kẹfà 2024. Púùlù tí àgbàrá bá ti wọ̀, omi ìdọ̀tí ni kí ẹ kà á sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ, tí wọ́n fi kúlórínì sí i, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò: kúlórínì kò gbọdọ̀ dín ní mílígíráàmù 1 nínú lítà kan, pH rẹ̀ sì gbọdọ̀ wà láàárín 7.0 sí 7.8. Lákòókò òjò, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Kúlórínì pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹ má jẹ́ kí òjò jò sórí ike rẹ̀. Inú omi ni à ń da ìyẹ̀fun kúlórínì sí. A kì í da omi lé e lórí. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ásíìdì, ẹ má sì po oríṣi méjì rẹ̀ pọ̀, torí pé ó lè tú èéfín tó ń pani jáde tàbí kó bú gbàù. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá tó wà, tí òórùn rẹ̀ sì ta yín nímú gan-an, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ má wọlé.

Iná ńkọ́? Bí omi bá ti wọ yàrá tí pọ́ǹpù wà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ pa suwíìṣì. Láti inú ilé, níbi gbígbẹ, ni kí ẹ ti pa á. Nílé tí ìnfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ wà, pé NEPA mú iná lọ kò sọ pé wáyà pọ́ǹpù kò ní iná lára, nítorí náà ẹ pa gbogbo rẹ̀, kí oníná sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tún tàn án. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, kí gbogbo èèyàn jáde kúrò nínú omi; ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tó gbẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó padà.

Púùlù tó fọ́, owó á tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Òjò ti há wọn mọ́lé láti àárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sì ṣí sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọn ti léfòó dé àárín púùlù. Ewé máńgòrò tó já bọ́ ti bo ojú omi débi pé ọmọ ọdún mẹ́ta lè rò pé ilẹ̀ lòun ń tẹ̀. Etí púùlù ń yọ̀. Ọmọ tó bá já sí i kì í sábà pariwo bí a ti ń rí i nínú fíìmù, torí omi ti dí i lẹ́nu. Nínú omi tó mọ́, ẹni tó bá sáré dé á rí i. Nínú omi tó pọ́n yìí, ẹ lè dúró sórí rẹ̀ gan-an kí ẹ máa pe orúkọ rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi kárí ayé lọ́dún 2021, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún 5.

Nítorí náà, ẹ dúró létí ibi tó jìn jù. Bí ẹ kò bá rí irin tó bo ihò ìsàlẹ̀ kedere, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, àgbà tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ dunjú pàápàá. Ọgbà tó yí i ká kò gbọdọ̀ kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 4, kí géètì rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó ohun tó ń há a. Tapólì tí ẹ ta bo ojú omi kì í ṣe ọgbà: òjò á gbára jọ sórí rẹ̀, ọmọ tó bá gùn ún á sì rì sáàárín rẹ̀. Ẹ má dá gbogbo rẹ̀ dá mẹ́gádì. Àgbàlagbà kan nínú ilé ni kí ó mọ̀ pé òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọmọ bá já sínú omi, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ pa iná, kí ẹ gbé ọmọ náà jáde. Ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ níkùn. Bí kò bá mí, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kí ẹ tún fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ẹlòmíràn máa pe 112. L'Ékòó, ẹ lè pe 767 pẹ̀lú. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì gàdàgbà sára ògiri tó kọjú sí púùlù yín lónìí.