Ẹ Ka Iye Ohm Kí Ẹ Tó So Sípíkà

Ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ẹbí, ni orin bá dákẹ́ lójijì. Òórùn ike tó ń jóná ló tẹ̀ lé e. "Jẹnẹrétọ̀ ni," ni ọmọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ wá wí. Irọ́ ni o! Gílóòbù ń tàn, fáànù ń yí. Áńpù rẹ̀ ló jóná, òun fúnra rẹ̀ ló sì dáná sun ún.

Nígbà tí wọ́n ti fi gángan gbé ìyàwó wọlé tán, mo lọ wo ẹ̀yìn áńpù náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohm tó bá máa so mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní 4. Sípíkà mẹ́rin ló so mọ́ ojú kan ṣoṣo, 8 ohm sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí pé, "Ṣé 8 kò ju 4 lọ ni?" Ó jù ú lọ, bó bá jẹ́ ẹyọ kan.

Ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Orúkọ ará Jámánì kan ni, Georg Simon Ohm, tó fi ìwé ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1827. Ẹ wo èrò tó fẹ́ jáde nínú gbọ̀ngàn: bí ìlẹ̀kùn bá jẹ́ ọ̀kan, wọ́n á rọra jáde, bí a bá ṣí èkejì, wọ́n á ya jáde ní ìlọ́po méjì. Bí sípíkà ṣe rí nìyẹn. Méjì tó jẹ́ 8 ohm di 4, mẹ́rin di 2. Bí áńpù bá gbé 40 volt jáde, sípíkà kan á fa 5 ampere lára rẹ̀. Mẹ́rin á fa 20. Áńpù tó ní ààbò á pa ara rẹ̀. Èyí tí kò ní, ẹ ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Wáyà ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Wọ́n á fà á láti áńpù sí sípíkà kìíní, láti ẹ̀yìn kìíní sí ìkejì, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn, wọ́n á sì rò pé ohm ń ròpọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpótí sípíkà, ojúhò méjèèjì ẹ̀yìn rẹ̀ so mọ́ra wọn, orísun kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń mu. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ohm ń dínkù. Sípíkà tó ní áńpù tirẹ̀ nínú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì "bridge" náà, èyí tó ń so ojú méjèèjì áńpù pọ̀ di ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, sípíkà 8 ohm á dà bíi 4 lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan ojú áńpù. Bí mítà bá sì ka nǹkan bíi 6 lára sípíkà 8 ohm, ẹ má jù ú nù. Wáyà inú rẹ̀ nìkan ni mítà ń wọ̀n, nígbà tí orin kò sí níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà ni pé ojú kejì áńpù yẹn ṣófo. Sípíkà méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, 4 ohm géérégé lójú kọ̀ọ̀kan, ìyàwó ì bá jó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní òde lọ́jọ́ Sátidé, ẹ yí ẹ̀yìn sípíkà yín síta lónìí, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.