Eré Pẹ̀lú Jẹ́ Ìwòsàn

Àwọn kan nínú àwọn alákọ̀wé wa a máa wí pé ọgbọ́n bí a ti í mú ara àti ọkàn aláìsàn balẹ̀, òkèèrè ni ó ti wá pátápátá. Àwa kò sẹ́ ọgbọ́n òkèèrè. Ní ọdún 1929, Edmund Jacobson, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà kan: kí ènìyàn fún iṣan ara rẹ̀ pọ̀ kí ó le, kí ó sì tú u sílẹ̀, títí yóò fi mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Ọ̀nà náà dára.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi èdè àjèjì pàṣẹ fún àgbàlagbà pé kí ó fara balẹ̀, báwo ni ara rẹ̀ yóò ti ṣe balẹ̀? Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Ọ̀mọ̀wé Thomas Adeoye Lambo, ti fi ọ̀nà hàn wá. Ní ọdún 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, nínú èyí tí aláìsàn ọpọlọ àti ìbátan rẹ̀ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ó ń gba ìtọ́jú, kò sì kúrò nínú ìgbésí ayé tí ó mọ̀.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 48. Ẹni tí ń ta á ní láti kà, kí ó rántí, kí ó sì fi sùúrù pín ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àníyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè lọ́kàn rẹ̀. Bí ọ̀ta bá sì ń fi ọ̀pẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, tí òǹwòran ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó ti ń dá jókòó yóò fọhùn láìmọ̀. Orin àlọ́ pẹ̀lú, bí a ti ń gbè é, a máa mú kí èémí gùn.

A kò wí pé ayò tó rọ́pò oògùn. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn olùtọ́jú kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè irú eré tí ó ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n sì fi èdè Yorùbá kọ́ ọ ní ọ̀nà Jacobson. Ní ti àwa ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ọpọ́n ayò kan ta ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀ lọ́rẹ, kí a sì máa yan ẹni tí yóò lọ bá àwọn aláìsàn ta á. Ìfẹ́ àṣà tí kò dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, ẹnu lásán ni.