Kí A Tó Yin Ilé-Ẹ̀kọ́, Kí A Ka Ọmọ Inú Rẹ̀

Kò sí àwùjọ òbí tí a lè bá jókòó lónìí ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí a kì yóò gbọ́ ẹjọ́ kan náà: pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò dára bí ti àtijọ́, pé kí ìjọba dá wọn padà fún àwọn ìjọ tí ó dá wọn sílẹ̀, tàbí kí ó fà wọ́n lé ọwọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹjọ́ asán. Ìyá tí ó ń ta púpurú láti fi tọ́ ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ọmọ náà ń kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kan tí àwọn tí ń sọ ọ́ kì í sáábà yẹ̀ wò, òun ni a sì fẹ́ gbé ka iwájú àwọn òǹkàwé wa.

Nígbà tí a bá wí pé ilé-ẹ̀kọ́ kan sàn ju èkejì lọ, èsì ìdánwò ni a ń wò. Èsì ìdánwò a máa sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi ìdánwò ṣa ọmọ kí ó tó gbà wọ́n, tí ó ń gba owó tí tálákà kò lè san, tí ó sì ń ní kí ọmọ tí ó bá kùnà wá ibòmíràn lọ, kò lè ṣàì ní èsì rere. Ẹni tí ó ṣa iṣu ńláńlá jáde nínú òkìtì, tí ó fi kéékèèké sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, kò lè wí lọ́jà pé òun ni ó mọ oko ro jù.

A ti rí irú èyí rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀ kò tó 460,000. Ní 1955, wọ́n ju 800,000 lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ẹ̀kọ́ ti wó lulẹ̀, títí ìjọba fi gbé Ìgbìmọ̀ Banjo dìde ní 1960 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́, àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ apẹja, tí ilé-ẹ̀kọ́ kì bá tí rí rárá, ti wọlé jókòó ti ọmọ akọ̀wé. Apá kan nínú ohun tí a pè ní ìfàsẹ́yìn kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ ti ayé òde òní náà wà. Ní 1991, ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ṣe òfin pé àwọn tí kì í ṣe ìjọba lè fi owó ìjọba ṣe àkóso ilé-ẹ̀kọ́. Ní 2016, ìjọba Làìbéríà tẹ̀lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ó fa ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 93 lé àwọn ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ 8 lọ́wọ́. Wọn kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òbí, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ìdánwò ṣa ọmọ. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti fi ohun tí ó ju ẹ̀kọ́ ìdajì ọdún lọ ṣíwájú ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ìdí kan hàn gbangba. Bí a bá yọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yòókù lójijì, olùkọ́ bí 4 nínú 10 ni a ń bá níbẹ̀. Ní àwọn tí a fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí 6 ni. Ohun ìyìn ni èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Owó tí a ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ tí ó bá níbẹ̀. Níbi tí kíláàsì ti kún jù, ó dá àwọn ọmọ tí ó lé padà. Àwọn olùkọ́ àti ọmọ wọ̀nyẹn kò pòórá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yòókù ni ẹrù wọn wọ̀ lọ́rùn. Nígbà tí ó fi di ọdún kẹta, a rí i pé iye ọmọ tí ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Báwo ni a ṣe mọ èyí? Àwọn olùwádìí kò ka àwọn ọmọ tí wọ́n bá ní kíláàsì nìkan. Wọ́n mú ìwé orúkọ ti ìgbà tí a kò tíì fa ilé-ẹ̀kọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọ́n sì wá àwọn ọmọ inú rẹ̀ dé ibi tí wọ́n wà. Ọmọ tí a lé, wọ́n kà á mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lé e. Ọgbọ́n yìí ni ilẹ̀ wa ń fẹ́.

Ìjọba Èkó dá ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ ní 2001, owó sísan sì bá a wọlé. Ìjọba Ẹdó, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti Ìrẹ̀lẹ̀ pààlà, gba ọ̀nà mìíràn ní 2018: kò jọ̀wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí yóò bá a kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó wá. Ọ̀nà kan kò sí tí kò ní ẹ̀gún. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ̀lẹ̀ ní igbó, ó sì ní omi. Ọmọ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ibòmíràn tí yóò lọ bí a bá tì í jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olóyè, àti ẹ̀yin aláṣẹ ní Àkúrẹ́, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún kí a tó fa ilé-ẹ̀kọ́ kankan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá gbà á sì jíhìn orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Bí ọmọ bá pọ̀ ju àyè lọ, kí a ṣẹ́ ìbò, kí owó tàbí ìdánwò má ṣe yàn wọ́n. Kí ìjọba sì rí i pé olùkọ́ wà ní kíláàsì lójoojúmọ́, nítorí èyí kò ní kí a kọ́kọ́ ta ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a lé jáde kí èsì ìdánwò lè dára, òun náà ń bẹ nínú ilé.